Yèyé Àgbà Mi Tó Ń Bi Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Léèrè

Bí àlejò bá wọ ilé Yèyé àgbà mi ní Ìkẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ àlejò náà ni Yèyé máa ń kọ́kọ́ wò kó tó wo ojú rẹ̀. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rò pé ojú ló ń tì í. Àwọn mìíràn rò pé bàtà olówó iyebíye ló ń wá. Kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì. Ó ń wò bóyá ìka ẹsẹ̀ wú, bóyá gìgísẹ̀ ti sán, bóyá ẹni náà ń tẹ ẹ̀gbẹ́ kan ju èkejì lọ. Nígbà tí ọmọbìnrin mi mú àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wá kí i, ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, Yèyé sì gbàdúrà fún un pẹ́. Lẹ́yìn náà ó fi ojú pè mí wọ yàrá. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìdílé rẹ̀ ló fẹ́ bi mí.

"Tíṣà," ó ní, "ọmọlúàbí ni. Ṣùgbọ́n bàtà yẹn ti kéré jù fún un, ó ti ń jẹ ẹ́ ní ọmọ-ìka. Ẹ kọ́kọ́ wá bàtà tó gbà á ná, ká tó máa sọ̀rọ̀ ìyàwó."

Tíṣà ni orúkọ tó ń pè mí láti ọjọ́ tí mo gba iṣẹ́ olùkọ́, kò sì yí i padà nígbà tí mo fẹ̀yìn tì. Èdè Ìkẹ́rẹ́ ni òun ń sọ láti àárọ̀ dé alẹ́. Mo kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ síbí ní Yorùbá tí gbogbo wa jọ ń kà, mo kàn fi ẹyọ díẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹ má sì bínú pé mo ń kọ "ó" fún àgbà. Bí mo bá kọ "wọ́n", ẹ lè rò pé àwọn méjì ni, ẹnì kan bíi tirẹ̀ sì tó.

Ìwé ètò ìsìnkú rẹ̀ wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Àwọn ọmọ ìjọ sapá gan-an, wọ́n to ọdún tó bí ọmọ kọ̀ọ̀kan àti oyè tó jẹ nínú ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, mi ò sì ní tún un tò. Àmọ́ wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Yèyé kò mọ ohun tó ń jẹ́ àìsàn títí tó fi sùn. Mo fẹ́ rọra tún ibẹ̀ ṣe. Yèyé ṣàìsàn. Ìtọ̀ ṣúgà wà lára rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó mọ orúkọ rẹ̀, ó mọ oògùn rẹ̀, ó sì mọ ibi tó ń gbà wọlé sí òun lára. Bí a bá ní kò ṣàìsàn rí, a ti gba ìṣẹ́gun rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ìṣẹ́gun náà gan-an ni mo sì fẹ́ kọ.

Ẹsẹ̀ ni àìsàn náà gbà wọlé. Yèyé ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan ní Ògòtún, àgbẹ̀ kòkó, tí ṣúgà mú kí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ láti orúnkún. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n yìí kò dé oko rẹ̀ mọ́. Kòkó ń pọ́n, ẹnu àwọn ẹlòmíràn ló ti ń gbọ́ ọ. Yèyé máa ń wọ mọ́tò lọ kí i, tó bá sì ti padà dé, kì í lè jẹun lọ́jọ́ náà. Ikú fúnra rẹ̀ kò bà á lẹ́rù. Ó ti fi aṣọ tí a máa wọ̀ fún un hàn mí, ó ti sọ orin tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀rù.

"Odindi ni kí ẹ sin mí," ó sọ fún mi nígbà tí a ń bọ̀ láti Ògòtún. "Mi ò fẹ́ kí ẹsẹ̀ mi ṣáájú mi lọ."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣáájú rẹ̀ lọ lóòótọ́.

Lẹ́yìn ilé wa ni àpáta kan wà tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Orí rẹ̀ ni àwọn obìnrin àdúgbò ti ń sá láfún láti ìgbà àwọn ìyá ìyá wọn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo rẹ̀ á funfun láti etí dé etí. Òfin kan ló wà níbẹ̀: ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà gun àpáta. Oúnjẹ ni wọ́n ń sá síbẹ̀, bàtà sì ti tẹ ẹrẹ̀ ọjà àti ìgbẹ́ ewúrẹ́. Wàá bọ́ sálúbàtà rẹ sí ìsàlẹ̀, wàá fi omi inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ṣan ẹsẹ̀, kó o tó gùn ún. Ìyá Bùnmi ni olórí àwọn obìnrin àpáta, òun ló sì ń ṣọ́ òfin náà. Ọ̀rẹ́ Yèyé ni láti ìgbà èwe. Yèyé fi ọdún márùn-ún jù ú lọ, kì í sì í jẹ́ kó gbàgbé.

Bí oòrùn bá ti kan àtàrí, àpáta náà máa ń gbóná bí agbada tí wọ́n fi ń dín gààrí. Àwọn obìnrin á máa ta kébékébé lórí rẹ̀, wọ́n á sáré yí láfún wọn padà, wọ́n á sì sáré sọ̀kalẹ̀ lọ sábẹ́ igi máńgòrò. Yèyé nìkan ni kì í sáré. Yóò dúró gbọn-in ní àárín, yóò máa fi ọwọ́ fọ́ èyí tó dì, yóò sì máa sọ̀tàn fún àwọn tó wà lábẹ́ igi. Ó ti tó ọdún méjì tí èyí ti ń ṣẹlẹ̀, wọ́n sì ti sọ ọ́ lórúkọ: Ẹlẹ́sẹ̀-irin.

"Ẹlẹ́sẹ̀-irin, ẹ sọ̀kalẹ̀ o, kí àpáta má sè yín jinná," Ìyá Bùnmi á ké sí i láti abẹ́ igi.

"Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ìbọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi tọ́ yín."

"Èmi náà ni ọmọ ìsinsìnyí? Èmi tí mo ní ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án?"

"Àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló bà ọ́ jẹ́. Wọn kì í jẹ́ kó o rí oòrùn."

Orúkọ náà dùn mọ́ Yèyé nínú. Ó dùn mọ́ èmi náà. Mo fi ṣe fáàrí ní yàrá àwọn olùkọ́ pé ìyá tó bí ìyá mi, ẹni tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ń dúró lórí àpáta ní ọ̀sán gangan. Kò sí ọ̀kan nínú wa, àti èmi tí mo kàwé, tó béèrè ìdí tí ooru kò fi jó o lẹ́sẹ̀ mọ́. A rí àìsàn, a pè é ní agbára.

Ọjọ́ Sátidé kan ni mo wá bá a kó láfún. Mo rí àmì ẹsẹ̀ lórí àpáta, ó tutù, ó ń dán. Mo kọ́kọ́ rò pé omi bọ́kẹ́ẹ̀tì ni, àmọ́ omi kì í pẹ́ lórí àpáta tó gbóná tó bẹ́ẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án, ó ń yọ̀. Mo tẹ̀lé àmì náà lọ́kọ̀ọ̀kan títí tó fi mú mi dé ẹ̀yìn Yèyé. Awọ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ti bó, ó ń ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Òun sì dúró lé e, ó ń ṣàlàyé ibi tí oníwàásù ti ṣì í sọ lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá.

"Yèyé, ẹ jókòó."

"Kí n jókòó lé láfún?"

"Ẹ dákun, ẹ jókòó. Ẹsẹ̀ yín ti jóná."

Mo gbé ẹsẹ̀ náà sókè kó lè rí i. Ó tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tí wọ́n ní kó wá dá ẹrù tó sọnù mọ̀. Lẹ́yìn náà ó béèrè lọ́wọ́ mi, jẹ́ẹ́jẹ́: "Ẹsẹ̀ ta ni èyí?"

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, àdúgbò ti kó oògùn dé. Ẹnì kan gbé ọ́ìlì dúdú inú ẹ́ńjìnì wá, ẹnì kan gbé eérú. Èmi olùkọ́, omi gbígbóná àti iyọ̀ ni mo gbé kaná, mo fẹ́ fi jó egbò náà. Mo kọ èyí sílẹ̀ kí ẹni tó bá ń kà á má ṣe bẹ́ẹ̀: ẹsẹ̀ tí kò mọ ooru, ẹ má fi omi gbígbóná kàn án. Ọpẹ́ ni pé kí omi náà tó hó ni mọ́tò tó máa gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn ní Adó ti dé.

Dọ́kítà tó wò ó níbẹ̀ sọ òótọ́ fún wa láìfi bò. Bí egbò náà bá dé eegun, gígé ló kù. Ó sì ní kí a lọ bá nọ́ọ̀sì kan ní Ìkẹ́rẹ́ wa tó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ẹsẹ̀, kí a má fi ọjọ́ kan ṣòfò. Orúkọ nọ́ọ̀sì náà ni Kẹ́mi, obìnrin kúkúrú tó máa ń jókòó sílẹ̀ kó lè rí ẹsẹ̀ dáadáa. Ó nu egbò náà mọ́, ó dì í, lẹ́yìn náà ó mú okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde bí èyí tí apẹja fi ń dẹ ẹja.

"Màmá, ẹ di ojú yín. Ẹsẹ̀ yín òsì ni mo fẹ́ fi okùn yìí kàn. Níbi tí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n lára, ẹ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni."

Yèyé di ojú. "Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. Ó sinmi díẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni."

"Màmá, mi ò tíì bẹ̀rẹ̀."

Yèyé la ojú kan. "Mo ń dáhùn èyí tó ń bọ̀ ni."

Nọ́ọ̀sì Kẹ́mi rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀. Ó fi okùn náà kan àtàǹpàkò, ó kan abẹ́ ìka, ó kan gìgísẹ̀. Yèyé di ojú pinpin, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tó yá, ó béèrè pé, "Ṣé kò tíì yá ni?" Nọ́ọ̀sì ti parí, ó ti ń ká okùn rẹ̀.

Ó ṣàlàyé fún wa pé ṣúgà ló ti pa àwọn iṣan tó ń gbé ìròyìn láti ẹsẹ̀ lọ sí orí. Iná jó o, ìròyìn kò dé. Yèyé gbọ́ ọ parí, ó ronú sí i. Ẹni tí wọ́n ti ń pè ní Ẹlẹ́sẹ̀-irin láti ọdún méjì kò bínú, kò sunkún. Ó ní, "Ẹsẹ̀ mi ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ nígbà náà. Èmi ni màá máa bi í léèrè."

Láràárọ̀ kí n tó lọ sí iléèwé, mo máa ń yà lọ́dọ̀ rẹ̀ fọ egbò náà bí nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ mi, kí n sì tún un dì. Yèyé kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan òun títí tí mo bá fi fọ ọwọ́ lójú rẹ̀, àní bí mo tiẹ̀ ti fọ̀ ọ́ nílé. Nọ́ọ̀sì fún un ní bàtà kan tí wọ́n gé inú rẹ̀ kí egbò má bàa kan ilẹ̀, àti igi tó máa fi ti ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n oògùn tó le jù ni pé kó jókòó. Ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tó ti mọ ọwọ́ yàtọ̀ sí ẹsẹ̀, ẹ ní kó jókòó. Mo dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá a nínú ilé ìdáná, ó dúró ti odó, ó ń gún iyán.

"Yèyé, kí ni nọ́ọ̀sì wí?"

"Ó ní kí n má rìn. Mi ò rìn. Mo dúró ni."

Mo gbé odó, mo gbé ọmọ odó, mo kó méjèèjì sínú mọ́tò kan, mo sì gbé wọn lọ sílé mi. Ọjọ́ mẹ́ta la fi wà bẹ́ẹ̀. Mo ń wá di egbò, a kò bá ara wa sọ̀rọ̀ kọjá "ẹ kú àárọ̀". Ní ọjọ́ kẹrin, bí mo ṣe ń dì í, ó sọ ọ́ sí afẹ́fẹ́ bí ẹni pé ara ògiri ló ń bá sọ̀rọ̀: "Kí ẹni tó gbé odó mi gbé e padà wá sí ulé. Màá jókòó, màá máa wo ẹni tó bá ń gún un, màá sì máa sọ fún un pé kò gún un dáadáa."

Ó pa àdéhùn náà mọ́, àti apá kejì rẹ̀ pẹ̀lú.

Egbò náà gba ọ̀pọ̀ oṣù. Ó kọ́kọ́ burú sí i kó tó dára, ìgbà kan sì wà tí Nọ́ọ̀sì Kẹ́mi ń wò ó tí èmi kò lè wo ojú Yèyé. Oògùn ṣúgà, oúnjẹ tí a wọ̀n, ìsinmi, ọwọ́ tó mọ́: kò sí idán mìíràn níbẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kan, nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ yí ká, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó ní ó ti jiná. Yèyé ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà, Yèyé wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kí n gbé òun lọ sí Adó. Kò sí ẹni tó pè é. Ó jókòó láàárín àwọn aláìsàn títí tó fi kàn án, ó wọlé lọ bá dọ́kítà, ó sì na ẹsẹ̀ ọ̀tún sórí àga kejì.

"Ẹ kú uṣẹ́ o, Dọ́kítà," ó ní. "Mo wá fi èyí tí ẹ fẹ́ gé hàn yín."

Láti ìgbà náà ni ìwà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí ti bẹ̀rẹ̀. Láràárọ̀ lẹ́yìn àdúrà, yóò gbé dígí kékeré kan sílẹ̀ létí fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí, yóò gbé àtẹ́lẹsẹ̀ lé e lórí, yóò sì máa pe àwọn ìka rẹ̀ bí mo ṣe ń pe orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. "Ìwọ kékeré ìgbẹ̀yìn, ṣé o sùn dáadáa? Kí ló pọ́n ọ lójú?" Bó bá wẹ̀ tán, yóò fi aṣọ rírọ̀ nu àárín ìka kọ̀ọ̀kan gbẹ, yóò fi ìpara pa gìgísẹ̀, kò jẹ́ fi sí àárín ìka. Kì í fi bílédì kan èékánná. Kì í sì í wọ bàtà láìgbọ̀n ọ́n. A fi èyí ṣẹ̀fẹ̀ púpọ̀, títí di ọjọ́ tó gbọn bàtà rẹ̀ tí ìdérí ìgò kan já bọ́ láti inú rẹ̀. Ọmọ-ọmọ mi kan ló jù ú síbẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ wa parí síbẹ̀, nítorí a mọ̀ pé ì bá fi ẹsẹ̀ tẹ ìdérí náà láti àárọ̀ dé alẹ́ láì mọ̀. Yèyé mú un nílẹ̀, ó fi hàn wá lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹsẹ̀ tó dákẹ́," ó ní, "ojú ni mo fi ń gbọ́ tirẹ̀."

Bó bá fẹ́ ra bàtà ńkọ́? Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń lọ, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀. Yóò ti fi bírò fa ìlà yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká lórí páálí, yóò gé e, yóò sì gbé e lọ sọ́jà. Inú bàtà ni yóò ti páálí náà sí. Bó bá ká níbìkan, yóò dá bàtà padà. Ọkùnrin tó ń tà á bẹ̀ ẹ́ títí.

"Màmá, ẹ fi ẹsẹ̀ yín wọ̀ ọ́ wò. Ó máa gbà yín. Ẹ ò ní mọ̀ ọ́n lára rárá."

"Ìyẹn gan-an ni mo ń sá fún," Yèyé dá a lóhùn. "Páálí yìí kì í purọ́ fún mi."

Mo ti sún ọ̀rọ̀ ìjà rẹ̀ pẹ̀lú Ìyá Bùnmi síwájú, nítorí kò dùn mọ́ mi láti kọ. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn tún dé, Yèyé padà sórí àpáta. Ó ra bàtà rọ́bà funfun kan fún iṣẹ́ náà nìkan. Inú ọ̀rá mímọ́ ló ń gbé e sí, ìsàlẹ̀ àpáta ló ti ń wọ̀ ọ́, lẹ́yìn tó bá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ìyá Bùnmi dìde lábẹ́ igi.

"Ẹlẹ́sẹ̀-irin, bàtà nìyẹn."

"Mo rí i."

"Òfin àpáta ńkọ́?"

"Bàtà yìí kò tẹ ọjà rí. Mo ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Omi lásán ni ìwọ fi ṣan tìrẹ."

"Ṣé ẹsẹ̀ mi lẹ pè ní ìdọ̀tí lójú àwọn ọmọ yìí?"

"Mi ò pè é ní nǹkan kan. Bàtà mi ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ ti di ìjà. Ìyá Bùnmi ní láfún tí bàtà bá rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ní sí lára tàwọn. Wọ́n lé Yèyé sí ìkángun àpáta, ibi tí òjìji máa ń tètè dé. Odindi ẹ̀ẹ̀rùn ni wọn kò fi kí ara wọn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n ń jókòó sí láti ọjọ́ tó ti pẹ́, kò sì sẹ́ni tó gbà láti kúrò. Inú ìwé orin kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń kọrin, tí wọn kò wo ara wọn. Mo bẹ Yèyé pé kó lọ tuúbá. Ó ní, "Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu mi, màá bẹ̀ ẹ́ lónìí. Àmọ́ mi ò ní bẹ ẹnikẹ́ni nítorí pé mo fẹ́ máa rìn."

Ọdún tó tẹ̀lé e ló ṣe ohun tó jẹ́ pé, bí ó bá jẹ́ pé òun nìkan ló ṣe láyé rẹ̀, ì bá tó mi. Mo wà níbẹ̀. Ìsinmi iléèwé ni, mo ń bá a yí láfún ní ìkángun wa, ọ̀sán ti pọ́n. Àwọn obìnrin ti sá sábẹ́ igi. Ìyá Bùnmi nìkan ló kù ní àárín àpáta, láìwọ bàtà, kò sì kánjú. Ó gbé ohùn sókè kí a lè gbọ́ ọ.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ rí i pé orúkọ ti kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan. Èmi ni Ẹlẹ́sẹ̀-irin báyìí. Láti oṣù mélòó kan, ooru àpáta yìí ò ràn mí mọ́."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Yèyé kò rẹ́rìn-ín. Láfún tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Ó gba àárín àpáta lọ tààrà, pẹ̀lú bàtà, ó tẹ láfún ẹni gbogbo mọ́lẹ̀ bó ṣe ń lọ. Ariwo sọ lábẹ́ igi. Ó dúró níwájú Ìyá Bùnmi.

"Gbé ẹsẹ̀ rẹ sókè kí n wò ó."

"Èwo ni ti ẹsẹ̀ mi? Ẹ ti tẹ oúnjẹ wa mọ́lẹ̀, ẹ tún fẹ́ wo ẹsẹ̀ mi?"

"Gbé e sókè."

"Mi ò gbé e."

Yèyé bá kúnlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nílẹ̀ wa mọ ohun tí mo ń sọ. Àgbà kúnlẹ̀ fún àbúrò, lójú gbogbo ènìyàn. Ìyá Bùnmi fò sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣépè fún.

"Ẹ dìde. Ẹ dìde, ẹ má pa mí. Kí ni mo ṣe?"

"N kò ní dìde títí wàá fi gbé ẹsẹ̀ yẹn sókè."

Ìyá Bùnmi di èjìká Yèyé mú, ó gbé ẹsẹ̀ òsì. Kò sí nǹkan. Ó gbé ọ̀tún. Lábẹ́ àtàǹpàkò, ihò kan wà níbẹ̀, etí rẹ̀ ti dúdú, òkúta wẹ́wẹ́ kan sì há sínú rẹ̀. Ó ti pẹ́ níbẹ̀. Ìyá Bùnmi náà wò ó. Yèyé na ọwọ́ sí mi kí n fà á dìde. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti pọ́n.

"Orúnkún mi ṣì ń gbọ́ràn," ó ní. "Ó jó mi gan-an. Lọ pe ọ̀kadà wá."

Nọ́ọ̀sì Kẹ́mi yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ṣúgà wà níbẹ̀, ó sì pọ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀ rí. Nígbà tó mú okùn tẹ́ẹ́rẹ́ náà jáde, tó ní kí Ìyá Bùnmi di ojú, Yèyé tẹ̀ síwájú lórí àga rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ láti ọdún kan ó lé nìyí. Ó ní, "Má dáhùn èyí tó ń bọ̀ o. Èyí tó bá kàn ọ́ nìkan ni kó o dáhùn."

Ẹsẹ̀ Ìyá Bùnmi jiná. Wọn kò gé ìka kan níbẹ̀. Nígbà tó padà sórí àpáta, òun fúnra rẹ̀ ló yí òfin padà, ó sì ṣọ́ èyí tuntun náà le ju ti àtijọ́ lọ: bàtà rọ́bà mímọ́, tí kì í kúrò ní àpáta, fún gbogbo ènìyàn. Ní àárọ̀ ọjọ́ sísá, kí láfún tó gòkè, àwọn obìnrin máa ń jókòó ní méjì-méjì lábẹ́ igi máńgòrò, oníkálukú á gbé ẹsẹ̀ lé itan ẹnìkejì, wọ́n á sì yẹ ara wọn wò bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Nọ́ọ̀sì Kẹ́mi ń wá bá wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ti rí ju ẹnì kan lọ níbẹ̀ tí kò mọ̀ pé òun ní ṣúgà, àwọn yẹn sì ń rìn títí di òní. Bí ọ̀dọ́bìnrin kan bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ lásán ṣe akin, Ìyá Bùnmi á ní, "Ẹni tó bá fẹ́ jẹ́ Ẹlẹ́sẹ̀-irin, kó kọ́kọ́ lọ bá nọ́ọ̀sì."

Yèyé lo ọ̀pọ̀ ọdún sí i lẹ́yìn náà. Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ibi ìgbéyàwó ọmọbìnrin mi, ó sì rìn jáde. Ọdún tó kọjá ló lọ, lọ́sàn-án, lórí àga rẹ̀, lẹ́yìn tó ti bu ẹnu àtẹ́ lu iyán tí mo gún. Ogbó ló pa á. Àwa tí a wẹ̀ ẹ́ rí i pé ara rẹ̀ pé, bó ṣe fẹ́ ẹ.

Ní ọjọ́ ìsìnkú, bí wọ́n ṣe gbé pósí jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọmọ Ìyá Bùnmi ti gbé mọ́tò síbẹ̀ dè é. Ìyá náà ti darúgbó gan-an, oòrùn sì mú. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò fún un. Ó kọjá lára rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn sáré tẹ̀lé e, ó di apá rẹ̀ mú, ó ní ọ̀nà jìn sí ibi sàréè.

Ìyá Bùnmi rọra yọ apá rẹ̀. Ó bọ́ sí ẹ̀yìn pósí, ó ń tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó ń tẹ òsì.

"Òun ló bá mi dá ẹsẹ̀ yìí dúró," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n fi sìn ín délé."